Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Fífi Kún Agbára Ọkọ̀ Onítọ́bò àti Ohun Tó Ń Ba Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Jẹ́

Àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbé àwọn ìbéèrè yìí wá bá wa ní Ìjẹ̀bú Òde léraléra, láti Ìjẹ̀bú Igbó títí dé Ṣágámù. A kó wọn jọ kí ẹni tó bá fẹ́ fi kún agbára ọkọ̀ rẹ̀ lè kà wọ́n kí ó tó náwó. Èyí tó rọrùn ni a fi ṣíwájú.

Kí ni tọ́bò ń ṣe gan-an?

Èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde ni tọ́bò fi ń ṣiṣẹ́. Kí èéfín náà tó gba sàlẹ́ńsà lọ, ó máa ń kọ́kọ́ yí abẹ̀bẹ̀ irin kan. Abẹ̀bẹ̀ kejì, tó wà ní orí kejì ọ̀pá kan náà, ni ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta tí ó sì ń kì í mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo tó lè jó á pọ̀ sí i, agbára náà á sì pọ̀ sí i. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá lórí ìlànà yìí ní ọdún 1905.

Ọ̀pá tọ́bò kékeré lè yí tó ìgbà 200,000 ní ìṣẹ́jú kan. Orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó léfòó sí, irin kò kan irin rárá.

Kí ni wọ́n ń pè ní Stage 1, Stage 2 àti Stage 3?

Inú ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí àwọn ríwáyà ń pè ní brain box, ni àwọn òǹkà wà tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tí tọ́bò gbọ́dọ̀ kì, iye epo tí nọ́sù gbọ́dọ̀ fọ́n, àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ṣáná. Ẹni tó ń tún un kọ á so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, á fa àwọn òǹkà yẹn jáde bíi fáìlì kan, á pààrọ̀ wọn, á sì dá fáìlì náà padà. Bí kò bá pààrọ̀ irin kankan, Stage 1 nìyẹn. Bí ó bá fi sàlẹ́ńsà tó fẹ̀ àti intercooler ńlá (ẹ̀rọ tó ń tu afẹ́fẹ́ tí tọ́bò kì lára) kún un, wọ́n á pè é ní Stage 2. Bí ó bá pààrọ̀ tọ́bò fúnra rẹ̀, ó di Stage 3.

Kò sí àjọ kankan tó fi òǹtẹ̀ lu àwọn orúkọ wọ̀nyí. Stage 1 ti ẹnìkan lè le ju Stage 2 ti ẹlòmíràn lọ, nítorí náà, òǹkà ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é: bar mélòó (ìwọ̀n ìfúnpá) ni tọ́bò yóò máa kì, torque mélòó (agbára ìyípo, tí wọ́n ń fi Nm wọ̀n) ni yóò jáde, irú epo wo ni ó sì fi kọ ọ́. Ìbéèrè kẹta yìí ni ó ṣe pàtàkì jù ní ilẹ̀ wa.

Bí agbára bá wà nínú ẹ́ńjìnnì náà, èéṣe tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi tì í pa?

Wọn kò tì í pa, wọ́n fi pamọ́ ni. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń tà fún ẹni tó ń gbé ibi tí yìnyín ti ń bọ́ àti ẹni tó ń gbé aṣálẹ̀, fún ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò àti ẹni tó ń gbàgbé. Nítorí gbogbo wọn, ilé iṣẹ́ máa ń fi àlà, ìyẹn àyè ààbò, sílẹ̀ láàárín agbára tí ẹ́ńjìnnì ń lò àti èyí tí yóò fọ́ ọ. Mercedes C300 ti ìran W205 tó wọ́pọ̀ lójú títì wa, agbára ẹṣin 241 àti torque 370 Nm ni wọ́n fi tà á ní Amẹ́ríkà, epo tó dára jù lọ ní ilé epo wọn ni wọ́n sì ní kí ẹni tó rà á máa lò.

Ẹni tó ń ta fáìlì á sọ fún yín pé inú àlà yẹn ni òun ti fẹ́ mú agbára tuntun wá, òótọ́ sì ni. Ohun tí kì í sọ ni pé epo wa, ooru wa àti ìtọ́jú tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti rí kí ó tó dé ti jẹ nínú àlà náà ṣáájú. Ohun kan náà kọ́ ni ó kù fún ẹni tó wà ní Jámánì àti fún ẹni tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́.

Wọ́n kọ 91 sára ìdérí táǹkì ọkọ̀ mi, epo Nàìjíríà náà sì jẹ́ 91. Ṣé wọn kò bára mu?

Wọn kò bára mu, àṣìṣe yìí ló sì ń pa ẹ́ńjìnnì jù lọ nínú gbogbo èyí tí a ń rí. Òǹkà octane ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpá àti ooru tó kí ó tó gbiná fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n: RON ni ọ̀nà kìíní, MON ni èkejì, MON sì máa ń kéré sí RON. Amẹ́ríkà máa ń ro méjèèjì pọ̀, á pín in sí méjì, èyí tó bá jáde ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ epo wọn. RON nìkan ni àwa àti àwọn ará Yúróòpù ń kà.

Nítorí náà, 91 tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá sún mọ́ RON 95 tàbí 96, nígbà tí 91 tí ìlànà orílẹ̀-èdè wa béèrè fún epo bẹntiróòlù jẹ́ RON 91, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ìbá kọ 87 sí lára. Epo tí owó rẹ̀ kéré jù ní ilé epo wọn nìyẹn. Ọkọ̀ yín ti ń lo epo tó relẹ̀ sí èyí tó béèrè láti ọjọ́ tí ó ti wọ Nàìjíríà. Ó ń fara dà á nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ ń sún àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná sẹ́yìn, ó sì ń fi agbára díẹ̀ ṣòfò kí ẹ̀mí lè gùn.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá gba fáìlì tí wọ́n kọ fún 93 Amẹ́ríkà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. 93 wọn tó nǹkan bí RON 98. Òǹkà méje ni ó wà láàárín epo tí fáìlì náà ń retí àti èyí tí ẹ rà ní Mọ̀lípa láàárọ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ tún ọkọ̀ yín kọ, kí ẹni tó fẹ́ ṣe é fi epo tí ẹ ń rà gan-an kọ ọ́, kí ó sì kọ ọ́ bí ọkọ̀ ṣe wà níwájú rẹ̀. Agbára tí yóò jáde kò ní tó èyí tí wọ́n kọ sínú ìpolówó.

Ṣé "nọ́ọ̀kì" tí àwọn mẹkáníìkì ń pè náà ni èyí tí àwọn tó ń tún ọpọlọ ọkọ̀ kọ ń bẹ̀rù?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohun méjì ni ó ń tọ́ka sí. Bí mẹkáníìkì wa bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, òkú ni ó ń kéde: bẹ́ríìngì kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó ń gbé písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì) ti jẹ, irin ń gbá irin, ẹ múra owó. Nọ́ọ̀kì kejì jẹ́ àìsàn tó lè yọrí sí ikú yẹn, ó sì tún lè pa ẹ́ńjìnnì ní ọ̀nà mìíràn tí bẹ́ríìngì kò ní mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bí púlọ́ọ̀gì bá ṣáná, ó yẹ kí iná náà ràn láti ibẹ̀ dé ògiri sílíńdà, ihò tí písítìn wà nínú rẹ̀, létòlétò, bí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń jẹ oko láti ẹ̀bá kan lọ sí ìkejì. Ṣùgbọ́n bí ooru àti ìfúnpá bá ti pọ̀ ju ohun tí epo náà lè fara dà lọ, ìyókù epo tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìfúnpá inú sílíńdà á fò sókè lójijì, á sì máa gbá orí písítìn bí òòlù alágbẹ̀dẹ. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ ń mì nínú agolo. Ẹni tó bá ti fèrèsé pa, tó ń gbọ́ fújì, kò ní gbọ́ ọ.

Ọkọ̀ ní etí tirẹ̀, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ kan tí wọ́n dè mọ́ ara bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá gbọ́ nọ́ọ̀kì, ọpọlọ á sún iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn. Ohun tó burú jù tí a ti bá nínú fáìlì kan ni pé ẹni tó kọ ọ́ ti di etí yìí, kí ọkọ̀ má baà máa dín agbára kù lójú ẹni tó san owó. Ọkọ̀ náà dùn ún wà fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tó lò.

Kí ni iná àkúṣáájú, ṣé òun náà ni nọ́ọ̀kì?

Òun kọ́. Nọ́ọ̀kì máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí púlọ́ọ̀gì ti ṣáná. Iná àkúṣáájú máa ń ràn kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná rárá, nígbà tí písítìn ṣì ń gòkè bọ̀. Èédú tó gbóná pupa, orí púlọ́ọ̀gì tó gbóná jù, tàbí ẹ̀kán ọ́ìlì tó dàpọ̀ mọ́ epo ni ó sábà ń fà á. Nọ́ọ̀kì lè gbá písítìn fún oṣù mélòó kan kí ó tó fọ́ ọ, ṣùgbọ́n iná àkúṣáájú lè lu ihò sí àárín písítìn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ṣé ooru ilẹ̀ wa ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá wà ní 33°C, tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tọ́bò, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ kejì, sì ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ tí a kì dé 0.8 bar yóò jáde ní nǹkan bí 113°C. Bí a bá gbé e dé 1.4 bar, yóò jáde ní nǹkan bí 157°C. Ìfúnpá gbogbo rẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, ooru náà sì bá a lọ, kí afẹ́fẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ intercooler.

Intercooler ni ó yẹ kó tu ooru yìí dànù, atẹ́gùn tó ń fẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré ni ó sì fi ń ṣe é. Nínú gó-síló, atẹ́gùn kò sí. Ẹ ronú ọjọ́ Ojúde Ọba, tí ọkọ̀ ń rìn bí ìgbín láti wákàtí dé wákàtí ní Ìjẹ̀bú Òde, tàbí ọjọ́ tí títì bá dí ní ìkóríta Ṣágámù: intercooler á gbóná bí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà á là, inú á dùn, ẹ ó sì tẹ iná, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré, mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ewu pọ̀ jù. Fáìlì tó dára máa ń dín ìfúnpá kù fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé bá gbóná ju ìwọ̀n kan lọ. Fáìlì tí wọ́n yọ ààbò yìí kúrò nínú rẹ̀ kò yẹ ní ìlú wa.

Èwo nínú ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́?

Ó dá lórí ohun tó fà á. Nọ́ọ̀kì máa ń fọ́ etí tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára písítìn láàárín ríìngì kìíní àti ìkejì. Ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì, á máa tú èéfín aláwọ̀ búlúù, sílíńdà kan á sì di aláìlágbára. Bí ìfúnpá bá pọ̀ jù, ó tún lè gbé orí ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀, kí gásíkẹ́ẹ̀tì sì jó. Ẹ ó rí i tí omi ń dínkù láìsí ibi tó ń jò.

Bí epo kò bá tó fún afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń kì, yíyọ́ ni písítìn máa ń yọ́, fáàfù tó ń tú èéfín á sì jó létí. Bẹntiróòlù ń jó tán pátápátá bí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ìlọ́po 14.7 epo ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n bí tọ́bò bá ń kì gidi, a máa ń fi epo kún un títí òǹkà náà á fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 12, kí epo àlékún lè tu inú sílíńdà lára. Pọ́ńpù epo tó ti gbó tàbí nọ́sù tó ti dí ni kì í jẹ́ kí ó wálẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní ìṣòro kankan ní agbára ilé iṣẹ́ lè ní pọ́ńpù tó ti ń rẹ̀, àfikún agbára ni yóò sì tú àṣírí rẹ̀.

Torque ni ó ń tẹ kọ́nrọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eré àsápajúdé ni ó ń ṣẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n títẹ iná mọ́lẹ̀ ní gíà 5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 2,000 péré ní ìṣẹ́jú kan ló burú jù, nítorí pé tọ́bò kékeré òde òní ti lè kì tán níbẹ̀, tí písítìn sì ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ìfúnpá ńlá. Ẹ sọ gíà kalẹ̀ kí ẹ tó tẹ iná. Tọ́bò ní ikú tirẹ̀ pẹ̀lú: bí ó bá yí kọjá ohun tí wọ́n ṣe é fún, ọ̀pá rẹ̀ á ṣẹ́, wẹ́wẹ́ irin á sì gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ.

Ṣé mo lè lo àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ sẹ́ńsọ̀ dípò kí n tún ọpọlọ kọ?

Àpótí náà ń purọ́ fún ọpọlọ ọkọ̀ ni. Ó ń sọ fún un pé ìfúnpá kéré sí bí ó ṣe wà gan-an, kí ó lè kì sí i. Ọpọlọ tí wọ́n ń purọ́ fún kò lè dáàbò bo ẹ́ńjìnnì bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá kàn yí ìdè wastegate (ilẹ̀kùn tó ń dín èéfín tó ń yí tọ́bò kù) láti gba ìfúnpá sí i burú ju èyí lọ, nítorí pé epo lè má pọ̀ tó afẹ́fẹ́ tó wọlé.

Sàlẹ́ńsà tó ń yìnbọn pàù-pàù bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ṣé ó léwu?

Epo tó ń jó nínú sàlẹ́ńsà ni ẹ ń gbọ́. Wọ́n sún iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn gan-an kí epo lè jó lójú ọ̀nà ìjáde, ooru rẹ̀ á sì lu abẹ̀bẹ̀ tọ́bò àti kátálísítì (ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́), tí yóò yọ́ bí ó bá pẹ́. Ẹ́ńjìnnì lè má kú sí i, ṣùgbọ́n owó tọ́bò ni ẹ fi ń yìnbọn kiri Àgọ́ Ìwòyè. Ẹ fi ìbọn sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ.

Mẹkáníìkì mi yọ tẹmósítáàtì kúrò kí ọkọ̀ má baà gbóná. Ṣé ó dára fún ọkọ̀ tí a fi kún agbára rẹ̀?

Kò dára fún ọkọ̀ kankan, èyí tó ní tọ́bò ni kò sì lè fara dà á rárá. Tẹmósítáàtì kì í dènà omi lásán. Òun ni ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ooru tí wọ́n ṣe é fún, kí ó sì dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa tutù lórí títì márosẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á sì máa fi epo kún epo. Epo àlékún yìí á fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, á ṣàn lọ sísàlẹ̀, á sì po ọ́ìlì di omi. Bẹ́ríìngì ló máa san gbèsè náà. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná, ó ní ohun tó fà á: fáànù, pọ́ńpù omi, rédíétọ̀ tó dí, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Èyí ni kí ẹ wá.

Omi kànga tí a ń dà sínú rédíétọ̀ jẹ́ arákùnrin ìṣòro yìí. Omi lásán ń gbé ooru dáadáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dógùn-ún sí inú irin, ẹrẹ̀ rẹ̀ á sì dí àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́, títí kan èyí tó ń tu tọ́bò fúnra rẹ̀ lára. Kúláǹtì tí a po ní ìdajì pẹ̀lú omi mímọ́, lábẹ́ ìdérí tó ń mú ìfúnpá bíi 1 bar dúró, kì í hó títí yóò fi kọjá nǹkan bí 125°C. Ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Irú ọ́ìlì wo, ẹ̀yìn kìlómítà mélòó?

Ẹ lo èyí tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ, kì í ṣe èyí tó nípọn jù ní ọjà. Fún ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, ẹ wá èyí tó ní àmì API SP, tí wọ́n gbé jáde ní 2020, tàbí ó kéré tán SN PLUS ti 2018, nítorí pé iná àkúṣáájú tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹrù wà lára ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Fún ọkọ̀ tí a ti fi kún agbára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá 5,000 kìlómítà. Ẹ tún mọ ẹni tí ẹ ń ra ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ayédèrú pọ̀, ike rẹ̀ sì máa ń dára ju ti ojúlówó lọ nígbà mìíràn.

Bí ẹ bá ti sáré bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó pa á. Bí ẹ bá pa á lójijì, ọ́ìlì tó dúró sára ọ̀pá tọ́bò gbígbóná á sè, á sì di èédú níbẹ̀.

Ṣé ògùn inú ìgò tó ń gbé octane sókè lè dí àlàfo epo wa?

Ó lè dí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ka ara ìgò náà dáadáa: lára ọ̀pọ̀ wọn, "points" 30 kì í ṣe octane 30, mẹ́ta péré ni, nítorí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá octane ni wọ́n ń pè ní "point" kan. Èyí tó ní manganese nínú a máa kun orí púlọ́ọ̀gì ní pupa rẹ́súrẹ́sú, púlọ́ọ̀gì náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Fáìlì tó nílò ìgò kan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra epo kò yẹ yín.

Ìwọ̀n epo pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà dúró lójú kan. Ní oṣù kejì ọdún 2022, epo tí methanol (irú ọtí kan tó ń jó) inú rẹ̀ ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí. Octane methanol ga, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó nílò ìlọ́po méjì epo lásán àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún afẹ́fẹ́ kan náà, ó sì ń fa omi mọ́ra. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tò dé góńgó kò ní ibi tí yóò sá sí lọ́jọ́ tí irú epo bẹ́ẹ̀ bá wọ táǹkì.

Ìjà tọ́bò pẹ̀lú octane ti pẹ́. Oldsmobile Jetfire ti 1962, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ onítọ́bò tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún gbogbo ènìyàn, ní táǹkì kékeré tó ń fọ́n omi àti methanol mọ́ epo kí ó má baà nọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á kì í rántí rọ táǹkì náà kún.

Hilux dísẹ́ẹ̀lì ni mo ní. Ṣé gbogbo èyí kàn mí?

Nọ́ọ̀kì octane kò kàn yín, nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì kì í lo púlọ́ọ̀gì. Ooru ni ó kàn yín. Èéfín dúdú tó ń tú jáde bí ẹ bá tẹ iná, tí àwọn ọmọkùnrin ń pàtẹ́wọ́ fún, jẹ́ epo tí afẹ́fẹ́ kò tó fún. Ó ń mú kí èéfín gbóná, ẹni tó bá sì fi gbé ẹrù gòkè fún ìṣẹ́jú mélòó kan lè yọ́ písítìn. Epo àlékún gbọ́dọ̀ ní ààlà tí kò fi ní tú èéfín dúdú.

Ewu kan tún wà tó jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì nìkan. Bí èdìdì tọ́bò bá já, tí ọ́ìlì sì ń ṣàn wọ ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì lè máa jó ọ́ìlì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó máa sáré sí i, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kí ó má gbọ́. Bí gíà bá jẹ́ ti ọwọ́, ẹ fi ọkọ̀ sí gíà tó ga jù, ẹ tẹ búrẹ́kì gidi, kí ẹ sì tú kílọ́ọ̀ṣì (clutch) sílẹ̀ kí ó kú. Ẹ má fi ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ láé.

Àyẹ̀wò wo ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan fáìlì?

Ẹ wọn kọ̀ńpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ìfúnpá tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan lè mú. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn bá ju ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹ gbàgbé agbára. Ẹ wo ìfúnpá epo nígbà tí ọkọ̀ ń fà ẹrù, kì í ṣe nígbà tó dúró. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, kí ẹ sì béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ lo èyí tó tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, epo kì í fọ ẹ̀yìn fáàfù, èédú máa ń dì síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n há a kúrò. Ẹni tó ní Golf GTI tàbí Audi tó ń lo 2.0 FSI onítọ́bò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tú pọ́ńpù epo rẹ̀ wò, nítorí ife irin kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń jẹ títí á fi lu, èyí sì lè ba kámúṣáàfù jẹ́.

Bí sìkáánì bá ti ń fi àṣìṣe iná tàbí epo hàn, kò sí ohun tí a ó jọ sọ títí ẹ ó fi wá ìdí rẹ̀.

Wọ́n ti ṣe é tán. Kí ni kí n béèrè kí n tó san ìyókù owó?

Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ohun tí ọkọ̀ ṣe nígbà tí wọ́n tẹ iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi òǹkà mẹ́rin hàn yín: bí ọpọlọ ṣe sún iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn tó nítorí nọ́ọ̀kì ní sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ìdàpọ̀ afẹ́fẹ́ àti epo, ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, àti ìfúnpá epo tí a béèrè ní ẹ̀gbẹ́ èyí tó dé. Bí sílíńdà kan bá ń sún sẹ́yìn ní dígírì mẹ́rin tàbí márùn-ún nígbà gbogbo, fáìlì náà le jù fún epo yín. Kí wọ́n dín in kù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gba àkọsílẹ̀ yìí lórí títì márosẹ̀. Ìwọ̀n eré tí òfin fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀ jẹ́ 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ yóò sì ti kọjá rẹ̀ kí gíà kẹta tó parí, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ṣe ń yà jáde ní Ogèrè láìfi iná hàn. Orí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀ lójú kan ni ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é.

Ọ̀rẹ́ mi ti ń lo fáìlì kan náà láti ọdún kan, kò sì sí ohun tó ṣe ọkọ̀ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ó máa rìn láti ilé sí ọjà nìkan. Etí písítìn kì í fọ́ ní ọjọ́ tí nọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀là inú irin máa ń gùn. Ọkọ̀ méjì tó jọra tún lè yàtọ̀ ní pọ́ńpù, ní nọ́sù àti ní ọ́ìlì tí ẹni àkọ́kọ́ lò kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá tòkunbọ̀ tí mo fẹ́ rà ti gba irú iṣẹ́ yìí rí?

Ẹni tó tà á ní òkèèrè lè ti dá fáìlì ilé iṣẹ́ padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọpọlọ máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti kọ nǹkan sínú rẹ̀, ẹ̀rọ sìkáánì tó jẹ́ ti oníṣẹ́ sì lè fi hàn. Ẹ wo ìdè àpótí ọpọlọ bóyá wọ́n ti ṣí i rí, kátálísítì bóyá wọ́n ti gé e, páìpù tọ́bò bóyá ìdè rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Páìpù intercooler tó kún fún ọ́ìlì, àti ọlọ́kọ̀ tó ti mú ẹ́ńjìnnì gbóná sílẹ̀ kí ẹ tó dé, jẹ́ àmì pé kí ẹ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì mi ti kú. Ṣé kí n ra Belgium, àbí kí n tún èyí kọ́?

Bí bulọ́ọ̀kù bá ti lu, ẹ ra Belgium. Bí kò bá lu, ó dá lórí sílíńdà, bóyá ògiri rẹ̀ ṣì dán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ṣáájú èyí ni ohun tó pa ti àkọ́kọ́, nítorí ohun náà ṣì wà nínú ọkọ̀, yóò sì pa èyí tí ẹ rà pẹ̀lú. A ti rí ẹni tó fi ẹ́ńjìnnì kejì sí orí nọ́sù tó dí kan náà. Oṣù méjì kò pé kí ó tó tún padà wá.

Ẹ ka písítìn náà. Bí etí rẹ̀ bá ní ihò wẹ́wẹ́ bí ẹni fi yanrìn gbá a, tàbí tí ibi tó di ríìngì mú bá ṣẹ́, nọ́ọ̀kì ni. Ihò tó yọ́ ní àárín ń tọ́ka sí iná àkúṣáájú. Bí ó bá yọ́ ní ẹ̀gbẹ́ fáàfù èéfín, ooru àti àìtó epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kọ́nrọ́ọ̀dù tó tẹ̀ lábẹ́ písítìn tó mọ́ tónítóní, torque ni, bí omi kò bá wọ sílíńdà. Bí gbogbo wọn bá sì mọ́, ṣùgbọ́n tí bẹ́ríìngì ti jó dúdú, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni.

Kí èyí tuntun tó wọlé, ẹ pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì lára, nítorí wẹ́wẹ́ irin máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀ tí kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tán. Ẹ tú intercooler, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ fi páìpù ọ́ìlì tọ́bò tuntun sí i. Ẹ dá fáìlì ilé iṣẹ́ padà, kí ẹ sì fi í rìn jẹ́jẹ́ fún 1,000 kìlómítà. Ẹ má kó písítìn àti púlọ́ọ̀gì àtijọ́ náà fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ḿù irin kí ẹ tó mú wọn wá fún wa wò.